Àtùpà Tó Ń Jẹ́ Oríkì

Nílé Bàbá Tẹ̀níọlá, kò sí ibi tí wọ́n ń tẹ̀ lára ògiri kí iná tó tàn mọ́. Àtùpà kan ló dúró lẹ́bàá àga, ẹlẹ́sẹ̀ kan, orí rẹ̀ funfun bí ẹyin, kò lọ́ṣọ̀ọ́ rárá. Oríkì tí ará ilé bá sọ ọ́ nìkan ló ń dá lóhùn.

"Àbẹ̀ní mi, jọ̀ọ́, tàn fún mi."

Á sì tàn. Fadérẹ̀ra, ìyàwó rẹ̀, á máa gbọ́ ọ láti ilé ìdáná, àyà rẹ̀ á máa ta bí ẹni tó gbé odidi ata mì. Láti ìgbà tó ti bímọ, ọkọ rẹ̀ ò pe oríkì tirẹ̀ mọ́. "Ìyá Tẹ̀níọlá, oúnjẹ dà?" Ó parí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ọkọ jáde, Fadérẹ̀ra bẹ̀rẹ̀ níwájú àtùpà náà.

"Ìwọ orogún ẹlẹ́sẹ̀ kan yìí, o ò jẹ́ Àbẹ̀ní mọ́. Àwẹ̀ró ni o ń jẹ́." Oríkì tirẹ̀ gan-an nìyẹn.

Nírọ̀lẹ́, ọkọ pe Àbẹ̀ní títí, iná ò tàn.

"Mo ti pa orúkọ rẹ̀ dà," Fadérẹ̀ra ké láti ilé ìdáná. "Orúkọ tí ẹ fi ń pè mí nígbà tí ẹ ń fẹ́ mi sọ́nà ni."

Ohùn ìgbà ọ̀dọ́ ọkọ rẹ̀ jáde:

"Àwẹ̀ró mi?"

Fadérẹ̀ra ju ṣíbí sílẹ̀, ó sáré dé ẹnu ọ̀nà. Iná ti tàn. Ọkọ rẹ̀ kẹ̀yìn sí i, ó ń fọwọ́ pa orí funfun náà.

"Àwẹ̀ró, orúkọ yìí mà yẹ ọ́ o!"

Ọkọ gbúròó ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyá Tẹ̀níọlá, oúnjẹ dà?"