Má Dá Kọjá Lórí Afárá Funfun

Oṣù kẹjọ rèé tí Dúdú ti ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́ra. Ó padà dé láti yunifásítì láìparí ọdún kẹta, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wọlé, ó sì di ẹni tí wọ́n ń gbé oúnjẹ sí ẹnu ọ̀nà fún. Bí ìyá rẹ̀ bá kan ilẹ̀kùn, á ní, "Ẹ gbé e síbẹ̀, mà." Gbogbo ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn.

Aránṣọ ni Ìyá Dúdú. Yàrá iwájú ilé ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọkọ rẹ̀ ń tún firíìjì ṣe ní ilé iṣẹ́ kan. Aago méje ló ń jáde, aago márùn-ún ló ń wọlé. Kò sí ìjà láàárín àwọn méjèèjì, ọ̀rọ̀ ló tán. Ìyàwó gbà pé ohùn líle ọkọ ló lé ọmọ wọ yàrá. Ọkọ gbà pé ìyàwó ló kẹ́ ẹ bàjẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ síta. "Oúnjẹ ti wà lórí tábìlì." "O ṣeun."

Ní oṣù tó kọjá, Bàbá Dúdú wọ yàrá ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti tún fáànù ṣe. Ó pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀. Nígbà tó jáde, ìyàwó rẹ̀ bi í pé kí ló rí.

"Fáànù ni mo rí," ó wí.

Lọ́jọ́ kan, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, Ìyá Dúdú sì tajú kán rí ojú kọ̀ǹpútà: afárá funfun kan, odò lábẹ́ rẹ̀, àwọn tó gbé idà kọ́ èjìká ń kọjá lórí rẹ̀. Ó mú fóònù rẹ̀, ó lọ bá ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ní ìkángun àdúgbò, ó ṣàlàyé ohun tó rí.

"Géèmù ni, mà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló jọ ń ṣe é lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ṣé ọmọ yín ló ní kí ẹ bá òun gbé e sórí fóònù?"

"Èmi ni mo fẹ́ ṣe é."

Ọkùnrin náà wò ó tìyanu-tìyanu, ó sì gbé e sí i fún un.

Abẹ́rẹ́ ló sọ ara rẹ̀ níbẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, ìkookò pa á lẹ́ẹ̀mẹfà kó tó mọ̀ pé òun lè sáré. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló gbà á kó tó dé afárá funfun. Ẹnìkan dúró lórí rẹ̀ nínú aṣọ aláwọ̀ ewé. Ewé náà sì ni orúkọ tó wà lókè orí rẹ̀.

"Má dá kọjá," Ewé kọ̀wé sí i. "O ṣì kéré. Ohun tó wà lódìkejì á jẹ ẹ́ bí ẹ̀pà."

Abẹ́rẹ́ dúró.

Ewé mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ àlejò. Má dá wọ igbó. Mu oògùn kí ẹ̀jẹ̀ rẹ tó dé ìdajì. Ẹni tó bá ní kó kù díẹ̀, òkú ló máa ń mu ún. Má ta idà àkọ́kọ́ tí wọ́n fún ọ. Bí o bá kú, má sáré padà síbẹ̀. Jókòó, kí o kọ́kọ́ mọ ohun tó pa ọ́.

"Èmi náà ti kú títí," ó wí, "ojú ti ń ti ikú."

Aago kan ọ̀sán ni Ewé máa ń wá, fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, á tún dé ní ìrọ̀lẹ́. Ìyá Dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í da iṣẹ́ dúró ní aago kan.

"Kí ló dé tí o kì í kúrò lórí afárá?" ó bi í.

"Ẹnìkan ni mò ń dúró dè. Kò tíì wá."

Ìyá Dúdú kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dìde, ó lọ fetí sí ilẹ̀kùn ọmọ rẹ̀. Ọwọ́ ń tẹ kọ̀ǹpútà nínú lọ́hùn-ún, tà-tà-tà. Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ó ń nu ojú.

Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè rẹ̀ ti kúrò lórí ìkookò.

"Ṣé kò sẹ́ni tí ò ń bá sọ̀rọ̀ nílé ni?"

"Èèyàn wà nílé. Ẹnu mi ló wúwo. Ọ̀rọ̀ tó pẹ́ nínú ti di òkúta."

"Bẹ̀rẹ̀ látorí kékeré. Lọ bá wọn láàárọ̀, kí o kí wọn."

"Bí wọn ò bá dáhùn ńkọ́?"

"Wọ́n á dáhùn. Mo mọ̀."

Ní ọjọ́ kejì, Ìyá Dúdú tètè jí, ó dúró sí ilé ìdáná, ó ń retí. Ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ nìkan ló gbọ́. Ọkùnrin náà lọ dúró síwájú yàrá ọmọ, ó kan ilẹ̀kùn.

"Dúdú, káàárọ̀ o."

Ó tún kàn án.

Ìyá Dúdú yọ síta láti ilé ìdáná. Nínú gbogbo ọjọ́, òní ló fẹ́ dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ! "Ẹ jẹ́ kó sùn, ẹ jọ̀ọ́."

Ọkọ rẹ̀ wò ó bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Ní aago kan, Ewé kọ̀wé: "Mo gbìyànjú láàárọ̀ yìí. Kò bọ́ sí i."

Ìyá Dúdú gbà pé ilẹ̀kùn tí ọkọ òun kàn ló bà á jẹ́. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, kò gbé oúnjẹ ọkọ rẹ̀ sórí tábìlì. Inú ìkòkò ló fi í sí.

Ọ̀sán Sátidé ni ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Bàbá Dúdú wà ní pálọ̀. Ìyàwó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń tẹ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: "Ewé, mi ò lè fi pamọ́ mọ́. Nítorí ẹ ni mo ṣe kọ́ géèmù yìí. Dúdú, màmá ẹ ni. Jọ̀ọ́, ṣí ilẹ̀kùn fún mi."

Odò ń ṣàn lábẹ́ afárá. Ìyá Dúdú gbé fóònù, ó jáde lọ dúró síwájú ilẹ̀kùn ọmọ rẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Ilẹ̀kùn kò ṣí. Ìṣẹ́jú mẹ́ta kọjá kí fóònù tó gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá Dúdú," Ewé kọ̀wé, "èmi ni. Mo wà ní pálọ̀."