Àdúgbò Tí Ọmọdé Wà

Ilé keje tí Àdùnọlá àti ọkọ rẹ̀ fẹ́ wò lọ́jọ́ náà nìyẹn. Kò tíì pé oṣù kan tí wọ́n ti Ìkìrun dé ìlú òtútù yìí, àdúgbò tó dára fún ọmọ ni wọ́n sì ń wá. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kò tíì lù, ilẹ̀ ti ṣú. Ẹsẹ̀ ń ro Àdùnọlá, ọmọ ọwọ́ sì ti sùn lọ lẹ́yìn rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe yà sí àdúgbò náà ni wọ́n gbọ́ ẹ̀rín àwọn ọmọdé láti pápá ìṣeré.

"Bàbá Mofẹ́, ẹ ò gbọ́ bí? Àwọn ọmọdé wà níbí. Ẹ jẹ́ ká kúkú gba èyí, ó ti rẹ̀ mí."

Nígbà tí wọ́n dé pápá náà, ẹ̀rín dákẹ́. Wọn ò rí ẹnì kankan. Lábẹ́ iná òpópónà, yìnyín bo gbogbo ilẹ̀, kò sì sí ipa ẹsẹ̀ kan lórí rẹ̀.

Mofẹ́, àkọ́bí wọn ọmọ ọdún márùn-ún, já ọwọ́ gbà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó sáré wọ inú pápá. Ipa bàtà rẹ̀ ń hàn lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ipa ẹsẹ̀ kéékèèké mìíràn ń hàn lọ́kọ̀ọ̀kan, ti ẹni tí kò wọ bàtà.

"Mofẹ́! Padà wá!" Àdùnọlá ké.

Ọmọ náà yí padà. Àwọn ipa ẹsẹ̀ náà yí padà pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n sì ń bọ̀.