Rẹfirí Tó Gé Ọgọ́ta Ẹsẹ̀ Òsì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìtàn yìí dé ìlà tó kẹ́yìn kẹ́ ẹ tó dá ẹjọ́. Àìdúró-gbọ́-tán gan-an ló kó bá ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

1.

Ọmọ ìyá méjì ni wọ́n. Télọ̀ làwọn méjèèjì, ṣọ́ọ̀bù kan náà ni wọ́n sì jọ ń lò. Ẹ̀gbọ́n ló ń gé aṣọ, àbúrò ló ń rán an. Ọwọ́ àbúrò mọ́ lórí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kò mọ aṣọ gé. Ẹ̀gbọ́n ní tirẹ̀, bó bá jókòó sídìí ẹ̀rọ, òwú á kàn máa já ṣáá ni.

Rẹfirí làwọn oníbàárà ń pe àbúrò yìí, torí kò sí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí kì í dá ẹjọ́ rẹ̀. Bó bá ti sọ tirẹ̀ tán, á fi ìka méjì sẹ́nu, á súfèé. Ó parí nìyẹn, kò tún gbọ́ ti ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ sì wò ó o, ọkùnrin tí kò sáré dé ìdajì pápá rí!

2.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ọ̀rọ̀ pẹnárítì tí wọ́n fagi lé lánàá délẹ̀.

"Ọmọ yẹn mọ̀ọ́mọ̀ fọwọ́ gbá a ni! Pẹnárítì ni!"

Ẹ̀gbọ́n ń lọ aṣọ. Ó gbé áyọ́ọ̀nù sétí tábìlì. "Wọ́n lọ wo fídíò. Bọ́ọ̀lù ló lọ bá ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ níbi tó wà."

"Fídíò wo? Ohun tí mo fojú ara mi rí ni mo gbà!"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ju apá síhìn-ín sọ́hùn-ún láti fi hàn bí ọmọ náà ṣe nawọ́. Kí a tó ṣẹ́jú, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ti balẹ̀ sójú rẹ̀, gbòà! Nǹkan kan já lulẹ̀, Rẹfirí ò tiẹ̀ wò ó. Nọ́ọ̀sì kan wà níwájú dígí, tó ń fi fóònù ya fídíò ara rẹ̀ nínú aṣọ tuntun. Jìnnìjìnnì mú un, fóònù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, dígí ojú fóònù náà fọ́.

"Ẹ gbá mi létí? Lójú oníbàárà? Torí bọ́ọ̀lù?"

"Àbúrò mi, gbọ́ mi ná..."

Rẹfirí fi ìka méjì sẹ́nu, ó súfèé. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

3.

Ó gba yàrá kan, ó dá dúró. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, iléèwé kan gbé iṣẹ́ fún un: ọgbọ̀n ṣòkòtò, kó tó di ọjọ́ Ajé tí wọ́n máa wọlé. Bí kò bá pé, wọ́n á gbé e fún ẹlòmíì. Ó ní kí ló wà nínú gígé?

Aṣọ náà ní ojú, ó ní inú. Ojú ń dán, inú ò dán. Ẹni tó bá gé ẹsẹ̀ kan tán, ó gbọ́dọ̀ yí àwòṣe, bébà tó fi ń wọn aṣọ gé, padà kó tó gé èkejì. Rẹfirí ò yí i. Ọjọ́bọ̀ ló tó so méjì pọ̀, ló bá rí i pé wọn ò bára mu. Ó gbìyànjú ẹ̀kẹta, ó gbìyànjú ẹ̀kẹrin. Ọgọ́ta ẹsẹ̀, òsì ni gbogbo wọn! Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí o, mi ò ní purọ́.

"Ẹ lọ bá ẹ̀gbọ́n yín," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Mo ti dá ẹjọ́ yẹn."

4.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni nọ́ọ̀sì ọjọ́sí kanlẹ̀kùn.

"Àná ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá mi tún fóònù mi ṣe. Ẹ wo ohun tó wà lẹ́yìn mi nínú fídíò yìí."

Ó wò ó. Ìgbúnwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló gbá áyọ́ọ̀nù gbígbóná, tó fẹ́ já sí i lẹ́sẹ̀. Ẹ̀gbọ́n fò dìde, ó fi ọwọ́ ọ̀tún tì í kúrò, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ òsì gbá áyọ́ọ̀nù dànù. Bí Rẹfirí ṣe ń yí ojú padà ni ọwọ́ tó ń tì í bà á lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Ẹ dá a padà. Ẹ jẹ́ kó rọra lọ."

Ó wò ó lẹ́ẹ̀mẹfà, ẹni tí kò gba fídíò gbọ́! Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún. "Ojú mi ló lọ bá ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi."

5.

Ó ru àpò ọgọ́ta ẹsẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Àtẹ́lẹwọ́ òsì ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí áyọ́ọ̀nù jó, ṣì wà nínú báńdéèjì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dárí jì mí. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

"Ìgbà wo? Ṣebí o ti súfèé."

Ẹ̀gbọ́n tú àpò náà. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé méjì, ó gbé mẹ́wàá. Ẹ̀rín wá pa á. "Ẹgbẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ òsì wo lo fẹ́ rán ṣòkòtò fún?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ẹ̀gbọ́n mú sísọ́ọ̀sì. "Ká ra aṣọ kún un, ọgbọ̀n ẹsẹ̀ ọ̀tún péré ló kù ká gé. Òsì tó bá ṣẹ́ kù, tọdún tó ń bọ̀ ni. Lọ gbé ẹ̀rọ ẹ wá."

Lọ́jọ́ Ajé, ọgbọ̀n ọmọ wọ ṣòkòtò wọn lọ síléèwé. Wọ́n ṣì ń jiyàn bọ́ọ̀lù ní ṣọ́ọ̀bù yẹn di òní. Ṣùgbọ́n bí Rẹfirí bá ti fẹ́ fi ìka sẹ́nu, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á na ẹsẹ̀ ṣòkòtò òsì kan sókè, ìka á sì rọra padà sílẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí, mo bẹ̀ yín: ẹ jiyàn, ẹ ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má torí bọ́ọ̀lù pàdánù èèyàn yín. Kì í ṣe gbogbo ọwọ́ tó bà yín ló fẹ́ lù yín. Kẹ́ ẹ tó súfèé, ẹ jẹ́ kí ẹnìkejì sọ tẹnu rẹ̀. Agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.