Padi Mi

Láràárọ̀, bí Ìbídùnní bá ti lajú, ohùn ọkọ rẹ̀ á kí i láti inú ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tó wà lára ògiri. Láníyọnu ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí àwọn òkú yòókù ní àdúgbò wọn l'Óṣogbo, ó ṣì ń kí ará ilé rẹ̀.

"Ṣé o sùn dáadáa, ọ̀rẹ́ mi?"

Ìbídùnní dìde jókòó. "Padi mi lo máa ń pè mí. Ṣé o ti gbàgbé ni?"

"Ọ̀rẹ́ mi ni ọ́," ohùn náà dáhùn jẹ́jẹ́.

Ìbídùnní pariwo pe Fadékẹ́mi, ọmọ rẹ̀.

"Ẹ má bínú, Màámi," ọmọ náà wí. "Ìjọba ti yọ èdè ìgboro kúrò lẹ́nu àwọn òkú. Ọ̀rẹ́ àti padi, ṣebí ọ̀kan náà ni?"

"Kì í ṣe ọ̀kan náà! Ọ̀rẹ́ bàbá rẹ pọ̀ nígboro. Lọ́jọ́ tí onílé lé wa jáde, tí a jókòó sórí ẹrù wa nínú òjò, ló bú sẹ́rìn-ín, tó ní, 'Padi mi, ó ku àwa méjì.' Látọjọ́ náà, kò pe ẹlòmíì bẹ́ẹ̀."

Nígbà tí Fadékẹ́mi lọ síbi iṣẹ́, Ìbídùnní fa àga sún mọ́ ògiri.

"Padi," ó rọra wí, bí ẹni ń kọ́ ọmọdé lọ́rọ̀. "Bàbá Fadékẹ́, sọ ọ́. Padi."

Láníyọnu wúkọ́ díẹ̀ nínú ẹ̀rọ náà, bó ṣe máa ń ṣe nígbà ayé rẹ̀ bó bá fẹ́ bèèrè nǹkan.

"Ìbídùnní, ta ló kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ yẹn?"