Gbádégẹṣin àti Alùpùpù Tí Kò Sáré Mọ́

Gbádégẹṣin kì í gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Àbùkù tó ba ayé rẹ̀ jẹ́ nìyẹn. Bí ènìyàn bá kí i, a máa wá ìdí tí ẹni náà fi kí i. Bí wọn kò bá sì kí i, a tún wá ìdí tí wọn kò fi kí i. Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n Gbádégẹṣin ti sọ oògùn di oúnjẹ àárọ̀ àti ti alẹ́.

Laurel, ní ìpínlẹ̀ Maryland nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ló ń gbé, nínú yàrá kan tó háyà, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan. Kò ní ìyàwó, kò ní ẹbí nítòsí. Ẹnì kan ṣoṣo tó ní ni Moshood, tí wọ́n jọ kàwé n'Ìbàdàn, tó ń gbé ní Bowie pẹ̀lú Èyíwùnmí, ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ní gbogbo Sátidé, bí Èyíwùnmí bá ń lọ síbi iṣẹ́, yóò yà gbé oúnjẹ fún Gbádégẹṣin nínú abọ́ aláwọ̀ ewé kan tó ní ìdérí. Òun nìkan ni oúnjẹ tí ọwọ́ ẹlòmíràn ń sè fún un láàárín ọ̀sẹ̀.

Gbádégẹṣin ní alùpùpù kan tó fẹ́ràn bí ẹyinjú. Nígbà òtútù, kí yìnyín má baà bò ó níta, Moshood ní kó gbé e sínú gáréèjì òun. Nígbà tí ojú ọjọ́ móoru, Gbádégẹṣin gbé e jáde, ó ṣáná sí i, ó sì dún dáadáa. Láàárín àdúgbò, kò ní wàhálà kankan. Ṣùgbọ́n bó bá dé títì márosẹ̀, tó fún un níná dé òpin, ariwo lásán ló ń pa. Eré rẹ̀ kò lọ sókè mọ́.

Ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, kò yí padà. Ó pààrọ̀ ṣéènì, ó fa epo àtijọ́ jáde, ó ra èyí tó dára jù, ibi kan náà ló wà. Kò jẹ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ó ní wọn á yọ ojúlówó, wọn á fi ayédèrú rọ́pò rẹ̀.

Moshood pè é. "Gbádé, gbé báìkì yẹn wá jàre, mo wà nílé ní wíkẹ́ńdì yìí. Ká jọ tú u. Ohun tójú ẹ ò rí, tèmi lè rí i."

Ọ̀rọ̀ yìí ló ba gbogbo nǹkan jẹ́. Kí ló dé tí Moshood fẹ́ tú u? Ilé ta ni alùpùpù wà ní gbogbo ìgbà òtútù? Ṣebí Moshood fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun sún un lẹ́ẹ̀kan kí mọ́tò òun lè ráyè wọlé? Gbádégẹṣin mi orí bí ẹni tó ti mú olè. "Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà," ló wí fún ara rẹ̀. "Ó fẹ́ wá parí ohun tó bẹ̀rẹ̀ ni."

Sátidé yẹn, Èyíwùnmí gbé abọ́ dé bó ti máa ń ṣe.

"Bọ̀dá Gbádé, ìrẹsì àti ẹja ni o. Mo jẹ́ kó ta dáadáa, mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn ata. Ẹ má jẹ́ kó tutù, mo ti ń late."

Gbádégẹṣin dúpẹ́, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ṣí abọ́, òórùn ẹja gba yàrá kan. Ebi ń pa á. Ṣùgbọ́n ó rò ó pé ẹni tó lè ba alùpùpù ènìyàn jẹ́ níkọ̀kọ̀ lè bu nǹkan sí oúnjẹ rẹ̀ pẹ̀lú. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ sídìí ìdalẹ̀nù níbi tí wọ́n ń gbọ́kọ̀ sí, ó da gbogbo rẹ̀ nù. Kò mọ̀ pé Èyíwùnmí kò tíì lọ. Ó wà nínú mọ́tò, ó ń dáhùn fóònù, ó sì rí i kedere. Ó wa mọ́tò rẹ̀ lọ, ó sì sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀.

Kò pẹ́ tí Moshood fi pè. "Gbádé, ṣé lóòótọ́ lo da oúnjẹ ìyàwó mi nù?"

"Mi ò mọ ohun tó wà ńbẹ̀. Ìwọ náà ṣáà mọ ohun tó o ṣe sí báìkì mi."

"Ó dáa," ni Moshood wí, ó sì gé fóònù. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Láti ìgbà náà, Sátidé a dé, Sátidé a kọjá. Gbádégẹṣin a ti ibi iṣẹ́ dé, a gbé oúnjẹ inú páálí sínú makirowéfù, a dúró tì í títí yóò fi dún. Nígbà mìíràn, ìró yẹn nìkan ni ohùn tó ń gbọ́ nínú ilé. Àárò sọ ọ́ gan-an, ṣùgbọ́n ìgbéraga kò jẹ́ kó gbà.

Lọ́jọ́ kan, ó fẹ́ ya tírélà kan sílẹ̀ lójú títì márosẹ̀. Ó fún alùpùpù níná, kò gbé e. Mọ́tò kan ti sún mọ́ ọn lẹ́yìn, ó ń fọn fèrè kíkankíkan. Gbádégẹṣin yà bàrá sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ṣubú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣẹ́. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n bi í pé ta ni kí àwọn pè fún un.

"Kò sí," ló wí.

Wọ́n wọ́ alùpùpù náà wá síwájú ilé rẹ̀. Nígbà tó lè fi ọ̀pá rìn, ó ń jókòó tì í, ó ń tú u díẹ̀díẹ̀, torí kò sí ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀. Ó tú u dé abẹ́ ìjókòó, níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa atẹ́gùn. Aṣọ kan há sẹ́nu ihò náà. Ó fà á jáde. Ẹsẹ̀ kan ṣòkòtò ìsùn rẹ̀ àtijọ́ ni, onílà pupa; ẹsẹ̀ kejì ló fi ń nu àwo ní kíṣìnnì. Ìgbà yẹn ló tó rántí pé òun fúnra òun lòun fi í dí ibẹ̀ kí òtútù tó dé, kí eku má baà wọlé lọ bímọ sí i. Alùpùpù kò rí èémí mí dáadáa. Ó lè rìn, kò lè sáré. Lóòótọ́ ni kòkòrò wà lára ẹ̀fọ́, Gbádégẹṣin gan-an ni kòkòrò náà.

Ó sunkún, ó sì pe Moshood.

"Mo ti rí i. Aṣọ ni. Èmi ni mo fi síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí."

"A ti forí jì ẹ́ tipẹ́," ni Moshood wí, ohùn rẹ̀ sì tutù. "Ọlọ́run á wo ẹsẹ̀ yẹn sàn."

"Abọ́ Èyíwùnmí ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ti fọ̀ ọ́. Ṣé kí n gbé e wá ní Sátidé?"

"Abọ́ wo? Áà, ìyẹn. Jẹ́ kó wà lọ́wọ́ ẹ. A ti ra òmíì."

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ìtàn yìí, ẹ jẹ́ ká wo ọwọ́ ara wa dáadáa ká tó na ìka sí ẹlòmíràn. Ìfura dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó ní òdiwọ̀n, ká má sì fi í san oore fún ẹni tó ń bọ́ wa. Ènìyàn laṣọ, àgàgà nílẹ̀ àjèjì tí òtútù pọ̀ sí. Ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa aṣọ rẹ̀ ya lè rí ẹni tí yóò forí jì í, ṣùgbọ́n kò dájú pé yóò rí ẹni tí yóò bá a rán an.