Ọbẹ̀ Àtẹ́

Àfín ni Kìtán, aránṣọ tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́. Gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n ló mọ̀ pé kì í jẹ iyọ̀. Ìyá rẹ̀ tó wà ní Oǹdó ló kìlọ̀ fún un láti kékeré pé iyọ̀ ló ń ba ara àfín jẹ́, pé ọjọ́ tí iyọ̀ bá wọnú rẹ̀ ni egbò máa sọ sí i lára. Kìtán ò jẹ búrẹ́dì, kò jẹ ẹ̀wà olóúnjẹ. Bó bá lọ síbi ìsìnkú, omi ló ń mu wálé.

Nígbà tó fẹ́ Joy, ọmọ Ìgbàrà-Òkè, ohun àkọ́kọ́ tó bá a sọ nìyẹn. Joy ní kò sí wàhálà. Ìkòkò méjì ló ń gbé kaná: ti ọkọ lọ́tọ̀, ti òun àti Tolúwalọpẹ́ ọmọ wọn lọ́tọ̀. Àmọ́ ọbẹ̀ rẹ̀ ò dùn lẹ́nu Kìtán rárá.

"Ọbẹ̀ Màmá náà ò kúkú níyọ̀," ló máa ń sọ. "Kí ló dé tí tiwọn ń dùn?"

Joy á rẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ ìyá ni, Dádì Tolú. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ́ mi."

Ó tọrọ ẹ̀kọ́ náà lóòótọ́, lọ́jọ́ tí wọ́n lọ kí ìyá l'Oǹdó. Ìyá Kìtán ní kó lọ jókòó sí pálọ̀ jẹ́jẹ́, àlejò kì í dáná nílé òun.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, nǹkan yọ sórí imú Kìtán, òmíràn yọ sí etí rẹ̀ òsì. Ó pupa, ó gbẹ, ó ń ha ọwọ́ bí ìdí ìkòkò tó jóná. Joy ló fà á lọ sílé ìwòsàn.

"Kì í ṣe jẹjẹrẹ," dókítà sọ. "Ṣùgbọ́n tí a bá fi sílẹ̀, ó lè dà á." Ó fọ́n nǹkan tútù kan sí i, tó ta Kìtán bí iná, ó sì fún un ní ìpara. "Oòrùn ló fà á, ẹ̀gbọ́n. Ẹ máa dé akẹtẹ̀, ẹ máa wọ aṣọ alápá gígùn, ẹ fi ìpara yìí para láràárọ̀. Ẹ má máa rìn lọ́sàn-án gangan."

"Iyọ̀ ńkọ́?"

"Kò sí ẹjọ́ iyọ̀ níbẹ̀."

Kìtán dúpẹ́. Kó tó dé ẹnu géètì, ó ti pe ìyá rẹ̀.

"Dókítà wo?" ni ìyá dáhùn. "Ṣé òun ló bí ọ ni? Ọbẹ̀ ìyàwó rẹ, ṣé ó ń dùn lẹ́nu rẹ?"

"Rárá, Màmá."

"Hẹ̀n-ẹ́n! Ẹnu àfín kì í gba iyọ̀. Oúnjẹ tí kò bá ti lọ lọ́fun rẹ, iyọ̀ ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà, ọmọ mi."

Lọ́jọ́ yẹn, Kìtán tú kíṣìnì. Ó rí iyọ̀ nínú ọ̀rá lẹ́yìn ike gàrí.

"Tèmi àti ọmọ ni!" Joy sọ. "Mo fi pamọ́ kó má baà ṣèèṣì bọ́ sínú ọbẹ̀ yín. Ẹ ò mọ̀ mí ni?"

Kìtán da iyọ̀ náà sí gọ́tà. Ó dùn ún wọnú egungun pé obìnrin tí òun ń sùn tì ló ń fi ṣíbí pa òun.

Kò fẹnu kan oúnjẹ Joy mọ́. Ní gbogbo Sátidé, lọ́sàn-án, á lọ sí gáréèjì, á dúró títí bọ́ọ̀sì Oǹdó á fi kún, á wá gun ọ̀kadà délé ìyá rẹ̀. Kúlà ọbẹ̀ ló ń gbé bọ̀. Ó ti pa ìpara tì, akẹtẹ̀ sì wà lára ìṣó. Kí ló tún fẹ́ fi wọ́n ṣe, nígbà tó ti mọ ẹni tó ń pa á? Ọbẹ̀ ìyá ń dùn, inú ìyá náà sì ń dùn.

Síbẹ̀, etí yẹn bẹ̀rẹ̀ sí ṣẹ̀jẹ̀. Ìyá ní iyọ̀ tó ti wọra kì í tètè jáde, pàápàá tí ẹni tó ń fi síbẹ̀ bá ṣì wà nínú ilé. Kìtán ní kí Joy kó ẹrù rẹ̀.

Joy sunkún, ó bẹ̀ ẹ́ títí. Nígbà tó rí i pé kò gbọ́, ó pọn ọmọ. "Màá lọ," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà lọ rí dókítà. Etí yín ń ṣẹ̀jẹ̀." Ìgbàrà-Òkè ló gbà lọ.

Ó pẹ́ kí Kìtán tó lọ. Dókítà gé lára etí náà. Ó ní ó ti di jẹjẹrẹ, wọn ò sì tíì mọ̀ bóyá ó ti wọ ọrùn. Ìyá rẹ̀ kó wá sí Àkúrẹ́ láti wá tọ́jú rẹ̀.

"Màmá, ẹ̀yin nìkan ni mo ní," Kìtán sọ lórí bẹ́ẹ̀dì, báńdéèjì yí orí rẹ̀ ká.

"Sùn, ọmọ mi. Jẹ́ kí n lọ se ọbẹ̀ rẹ."

Kò tíì sùn lọ tó fi gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ lábẹ́ fèrèsé, tó ń bẹ Agnes aládùúgbò wọn ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Jọ̀ọ́, bá mi bu iyọ̀ díẹ̀ wá, mi ò rí rárá nílé yìí, Kìtán mi ò lè jẹ ọbẹ̀ àtẹ́, láti kékeré ni mo ti ń fi sí tiẹ̀, òun ni ò ṣá mọ̀."