Ẹ̀rọ Akíngbadé àti Omi Fùfú

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi kí ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní abúlé Ìsàlẹ̀-Odò, létí igbó ìjọba. Ọ̀gá aṣọ́gbó kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Akíngbadé. Ó mọ̀wé, ara rẹ̀ sì yá mọ́ èèyàn, àmọ́ ó ya ọ̀lẹ, kò sì jẹ́ gbà láé pé òun ṣàṣìṣe.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ṣọ́ bí igbó ṣe ń yí padà láti ẹ̀ẹ̀rùn bọ́ sí ìgbà òjò. Sátẹ́láìtì ń ya àwòrán igbó látòkè, ẹ̀rọ kékeré kan tí a rì mọ́lẹ̀ sì ń sọ bí ilẹ̀ ṣe tutù tó fún fóònù rẹ̀. Àárín igbó ló yẹ kí ẹ̀rọ náà wà, ìrìn wákàtí mẹ́ta. Akíngbadé wo ọ̀nà, ó wo bàtà tuntun ẹsẹ̀ rẹ̀, ló bá rì í sẹ́yìn ọ́fíìsì.

Lọ́dún náà, Ìyá Jémíriyè àtàwọn obìnrin abúlé ti tọ́ ẹgbẹ̀rún méjì ìrókò kéékèèké dàgbà nínú ọ̀rá. Odidi ọdún kan ni wọ́n fi ń pọnmi sí wọn. Bí wọ́n bá lọ gbìn wọ́n kí òjò tó fìdí múlẹ̀, gbogbo wọn ló máa kú. Àfi bí fóònù ṣe sọ lọ́jọ́ kan pé ilẹ̀ ti mumi yó. Akíngbadé ní kí wọ́n kó igi jáde lọ́la.

Ìyá Jémíriyè dúró síwájú àwọn igi rẹ̀. Ó ní, “N ò kó ìkankan. Àwọn igi ńlá ò tíì rúwé. Kí ni sátẹ́láìtì tìẹ wí?”

“Ó ní igbó ṣì gbẹ, Màmá. Ẹ má dá a lóhùn, ibi tó wà ti jìn jù. Ẹ̀rọ mi ò lè parọ́.”

“Ó dáa. Mú mi lọ síbi tí o rì í sí.”

Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀yìn ọ́fíìsì, Jémíriyè, ọmọ màmá náà, ni wọ́n bá níbẹ̀ tó ń da omi fùfú nù, sórí ẹ̀rọ gan-an! “Ibi tí gbogbo wa ń dà á sí nìyí,” ló wí. Òórùn ibẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Akíngbadé dọ̀bálẹ̀. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀lẹ ló ṣe mí. Díẹ̀ ló kù kí n pa igi yín.” Ìyá Jémíriyè rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, Akíngbadé náà sì bá a rẹ́rìn-ín.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, ó ti gbé ẹ̀rọ náà wọ àárín igbó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwọn igi ńlá rúwé, sátẹ́láìtì rí i, ẹ̀rọ sì jẹ́rìí sí i. Orin ni wọ́n fi gbin àwọn ìrókò náà, inú gbogbo abúlé sì dùn, nítorí díẹ̀ péré ló kú níbẹ̀. Títí dòní, Bàbá Olómi-Fùfú ni wọ́n ń pe Akíngbadé, tẹ̀ríntẹ̀rín ló sì fi ń jẹ́ ẹ.

Ẹ̀kọ́ yín rèé, ẹ̀yin ọmọ mi: ẹ má fi ọ̀lẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, torí bí irinṣẹ́ ṣe dára tó, ibi tí ẹ bá gbé e sí náà ló máa ròyìn fún yín. Bí ẹ bá sì ti ṣì í, ẹ tètè jẹ́wọ́ nígbà tó ṣì ṣeé tún ṣe.